Kì í Ṣe Bárakú, Kì í Ṣe Àìsàn Tó Tún Gbérí

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti sílébù tàbí ti ohùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àkọtọ́ tí a máa ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀ ara ni, ọ̀rọ̀ ọkàn sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun kan wà tí ó ń ṣe àwọn ènìyàn wa nínú ilé tí a kò tíì sọ lórúkọ. Nítorí pé a kò sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ olórúkọ ni a fi ń pè é, orúkọ olórúkọ yìí sì ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá. Ohun náà ni ìnira tí ó máa ń bá ẹni tí ó ti ń lo oògùn ìsoríkọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì wá dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìsoríkọ́ mú mi. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni mo ń wí. Mo ń lọ sí kíláàsì, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá padà dé ọ́fíìsì, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó sì jókòó bí ère. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu, oorun kò wá, ìwé tí mo fẹ́ràn jù lọ kò ṣeé kà mọ́. Dókítà oníṣègùn ọpọlọ kan fún mi ní oògùn oníhóró tí mò ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Oògùn náà jẹ́. Láàárín oṣù méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Mo lò ó fún ọdún kan àtààbọ̀. Nígbà tí ó yá, mo sọ fún ara mi pé ara mi ti yá, kí ni mo tún ń fi oògùn ṣe? Mo pa á tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. N kò bi ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹta, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi. Bí mo bá yí ojú padà lójijì, ohun kan á ta nínú agbárí mi bí ẹni pé iná mànàmáná gbé mi, á sì kọjá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èébì ń gbé mi. Bí mo bá sì rí oorun sùn, àlákálàá ni. Omi ń bọ́ lójú mi nítorí ohun tí kò tó nǹkan, inú sì ń bí mi sí àwọn ọmọ mi láìnídìí. Ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé nǹkan yìí ti tún padà dé báyìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣebí mo sọ fún ọ. Oògùn yẹn ti di bárakú sí ọ lára." Màmá kan tí ó wá kí wa ní tirẹ̀ sọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀ pé ọfà ni wọ́n ta sí mi, pé kí a má ṣe sun oorun òru ọjọ́ náà, kí a gbàdúrà.

Ẹni mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ wo ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ìbá gbé mi dé. Bí ó bá jẹ́ pé àìsàn ni ó padà, a jẹ́ pé n kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé, ìrètí pin nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ bárakú, a jẹ́ pé mo ti di ẹgbẹ́ àwọn tí ń mu igbó lẹ́yìn ilé, ìtìjú dé, n ó sì fi pa mọ́ fún dókítà. Bí ó bá jẹ́ ọfà ọ̀tá, a jẹ́ pé kí a máa ṣọ́ òru, nígbà tí ó jẹ́ pé oorun gan-an ni ara mi ń wá. Nígbà tí mo padà lọ sí ọ́sípítù, dókítà gbọ́ tẹnu mi tán, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Kì í ṣe àìsàn yín ni ó padà. Ara yín ni ó ń wá ohun tí ẹ já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì." Ó dá mi padà sórí oògùn náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iná inú agbárí kú. Lẹ́yìn náà ni a wá fi oṣù mẹ́jọ dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú pé ọ̀rọ̀ tí dókítà yẹn sọ, èdè wa kò ní orúkọ fún un. Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, n kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fi ṣàlàyé ara mi fún ìyá mi.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Nínú ọpọlọ, àwọn èròjà kan wà tí àwọn ẹ̀yà ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni sẹ̀rótónínì. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn ìsoríkọ́ ti òde òní, bí fluoxetine, sertraline, citalopram àti paroxetine, máa ń di ẹnu ọ̀nà tí sẹ̀rótónínì ń gbà padà sí ibi tí ó ti wá, kí ó lè pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Bí èyí bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún, ọpọlọ á mú ara rẹ̀ bá a mu. Ẹ wo obìnrin tí ó ru agbọ̀n iṣu láti oko dé ilé. Ọrùn rẹ̀ ti le, ẹ̀yìn rẹ̀ ti nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ìwọ̀n ẹrù náà. Bí ẹnìkan bá já agbọ̀n náà gbà lórí rẹ̀ lójijì, yóò ta gbọ́n-gbọ́n. Ṣé ẹrù náà ni ó di bárakú fún un? Rárá o. Ṣé ọfà ni wọ́n ta á? Rárá. Ara tí ó ti mọ ẹrù ni ó ń wá ìwọ̀n tuntun. Bí a bá bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní ta gbọ́n-gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí oògùn kan fi yàtọ̀ sí èkejì. Venlafaxine kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rárá: láàárín nǹkan bí wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìdajì paroxetine máa ń lọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Fluoxetine ní tirẹ̀ a máa fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kúrò lára, ohun tí ara sì ń sọ ọ́ dà lè lò tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Nítorí náà, ìnira sábà máa ń tètè dé, ó sì sábà máa ń le, fún ẹni tí ó bá pa venlafaxine tàbí paroxetine tì lójijì. Ti fluoxetine a máa fà sẹ́yìn, kì í sì í sábà le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni èyí. Imipramine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìsoríkọ́ àkọ́kọ́, ni Roland Kuhn, dókítà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1957. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1959, àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí ó dá a dúró ń rí ìnira. Nítorí náà, ìmọ̀ yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa onímọ̀ èdè nìyí: ìjà orúkọ ni ó bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a rò pé ó ní orúkọ fún ohun gbogbo. Àwọn kan ń pè é ní withdrawal, orúkọ tí wọ́n ń lò fún ìnira ẹni tí ó fi ọtí tàbí heroin sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, àwọn onímọ̀ kan ṣe ìpàdé ní ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Eli Lilly, tí ó ni Prozac, ni ó sì gbówó kalẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ìpàdé náà jáde ní ọdún 1997, discontinuation syndrome ni orúkọ tí wọ́n gbé lárugẹ. Orúkọ yìí tutù lẹ́nu, kò sì dẹ́rù ba ẹni tí ó fẹ́ ra oògùn. Àwọn kan ṣì ń fi ẹ̀sùn kàn án títí di òní pé ó bo ìnira ènìyàn mọ́lẹ̀. Èmi rí i pé òtítọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Orúkọ àkọ́kọ́ fi àbùkù kan aláìsàn. Orúkọ kejì fi ojú kéré ohun tí ó ń ṣe é.

Ohun tí orúkọ tí ó tutù jù fà kò kéré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà tí àjọ NICE ṣe fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìnira náà kì í le, pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan yóò ti lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá wá pé oṣù mẹ́ta ńkọ́? Wọ́n á ní àìsàn rẹ̀ ni ó padà. Ọdún 2019 ni NICE tó yí ọ̀rọ̀ náà padà, tí ó gbà pé fún àwọn kan ìnira náà lè le, ó sì lè pẹ́. Ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ènìyàn mélòó ni ó ń ṣe? Iye tí a rí yàtọ̀ síra, nítorí pé bí a bá ṣe béèrè ni a ṣe ń gbọ́ ìdáhùn. Àgbéyẹ̀wò tí James Davies àti John Read tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 sọ pé ènìyàn 56 nínú 100 ni ó ń rí ìnira náà. Èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì tẹ̀ jáde ní ọdún 2024, tí ó kó ìwádìí 79 pọ̀, sọ pé 31 nínú 100 ni, ṣùgbọ́n pé 17 nínú 100 àwọn tí hóró tí wọ́n ń lò kò ní oògùn nínú rárá náà sọ pé àwọn rí ìnira nígbà tí wọ́n dá a dúró. Nípa bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni pé oògùn gan-an ni ó fa ti nǹkan bí 15 nínú 100. Ti àwọn tí tiwọn le gidigidi jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 100. Ẹ jẹ́ kí á mú iye tí ó kéré jù lọ pàápàá: bí ó bá ṣe ẹnì kan péré nínú ẹni méje, kò sí àdúgbò kan tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè sí.

Ó wá kan èdè wa wàyí. Ẹ kíyè sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ àìsàn ní Yorùbá. A ní ibà ń ṣe mí, òòyì ń kọ́ mi, àárẹ̀ mú mi. Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, àìsàn ni ó wà ní ipò olùwà, ènìyàn sì wà ní ipò àbọ̀. Àìsàn ni ó ṣe é, kì í ṣe òun ni ó ṣe ara rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé kò dá aláìsàn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀rọ̀ orí, a ó yí i padà: a ó ní ó ya wèrè. Ènìyàn ti bọ́ sí ipò olùwà nìyẹn. Bí ó bá sì kan ọ̀rọ̀ dídá oògùn dúró, ọ̀rọ̀ tí ó yá wa lẹ́nu ni jáwọ́. Ibo ni a ti ń lo jáwọ́? A ní kí olè jáwọ́ nínú olè jíjà, kí ọ̀mùtí jáwọ́ nínú ọtí. Òwe wa sọ pé kí ènìyàn jáwọ́ nínú àpọ̀n tí kò yọ̀, kí ó dá omi ilá kaná. Ohun tí a ń jáwọ́ nínú rẹ̀, ohun burúkú ni tàbí ohun tí kò lérè. Oògùn tí ó gbé mi dìde nílẹ̀ kì í ṣe ìwà burúkú tí mo ń hù. Kí ni ìdí tí n ó fi jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ti bárakú tilẹ̀ tún wá burú jù. Bárakú ni ohun tí ó ti wọ ènìyàn lẹ́wù débi pé òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ ẹ́, tí ó ń wá a kiri, tí ó ń fi owó oúnjẹ ọmọ rà á, tí ìwọ̀n tí ó tó o lánàá kò tó o mọ́ lónìí. N kò rí ẹni tí ó jí ẹrù tà nítorí àtira sertraline. Oògùn ìsoríkọ́ kì í pa ènìyàn bí ọtí, òùngbẹ rẹ̀ kì í sì í gbẹni. Ohun kan ṣoṣo ni ó fi jọ bárakú: bí a bá dá a dúró lójijì, ara á mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ti rí náà nìyí pẹ̀lú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan. Ta ni ó ti sọ fún bàbá tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé oògùn rẹ̀ ti di bárakú?

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé èdè dè wá lókùn débi pé a kò lè ronú ohun tí a kò ní orúkọ fún. Mo ronú rẹ̀ láìní orúkọ, ẹ sì ń lóye mi báyìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ tí ó wà nílẹ̀ ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ bá, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀ lé ẹnu. Ẹ rántí àrùn kògbóògùn. Nígbà tí àrùn AIDS kọ́kọ́ dé, tí kò sí oògùn tí ó kápá rẹ̀, orúkọ náà bá a mu. Lónìí, ẹni tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè dàgbà, kí ó bímọ, kí ó sì rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Àrùn náà ti ń gbọ́ oògùn, ṣùgbọ́n orúkọ kò tíì gbọ́. Akéde ṣì ń pè é ní kògbóògùn lórí rédíò, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò á sì gbà pé ó ti parí fún òun. Orúkọ lè pẹ́ láyé ju òtítọ́ lọ.

Nítorí náà, èmi dá a lábàá pé kí á máa pe ohun tí mo ń wí yìí ní ìnira ìṣíwọ́. Kí ni mo rí lọ́bẹ̀ tí mo fi waaro ọwọ́? Ṣíwọ́ ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bíríkìlà tí ó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kò ṣe ohun ìtìjú, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó ṣe láàárọ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Ó ti ṣe é, ó tó, ó ṣíwọ́. Àmọ́ ara á máa ro ó lálẹ́, ara ríro náà á sì lọ. Ẹni tí ó bá sọ pé, "Ìnira ìṣíwọ́ ni ó ń ṣe mí," ti dá àìsàn padà sí ipò olùwà tí ó yẹ ẹ́, ó sì ti sọ fún ẹni tí ó ń gbọ́ pé ohun tí yóò tán ni. Kí á wá fi bárakú sílẹ̀ fún ohun tí ó jẹ́ bárakú, kí á sì máa sọ pé àìsàn tún gbérí nígbà tí àìsàn bá tún gbérí lóòótọ́.

Báwo ni a ó ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ìnira ìṣíwọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí a dín oògùn kù tàbí tí a dá a dúró. Ó máa ń mú ohun tí kò ṣe wá rí wá: òòyì, iná inú agbárí, èébì, ẹsẹ̀ tí ó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Ó ń wá bí ìgbì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bí a bá sì dá oògùn náà padà, kì í pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Àìsàn tí ó tún gbérí kì í sábà yára bẹ́ẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù kí ó tó fara hàn, ohun àtijọ́ ni ó sì ń gbé wá. Méjèèjì lè jọra nínú àìróorunsùn àti ẹkún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Kí ó jẹ́ kí dókítà bá a wò ó. Bí èrò àtipa ara ẹni bá sì yọjú nínú rẹ̀, kí ó má dúró di ọ̀la. Kí ó sọ fún ẹni tí ó sún mọ́ ọn, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe yìí ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ìṣirò gbè lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2019, Mark Horowitz àti David Taylor ṣàlàyé nínú The Lancet Psychiatry pé bí a bá dín oògùn kù sí ìdajì, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọpọlọ kì í dín kù sí ìdajì. Mílígíráàmù 20 ti citalopram ń di nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn ẹnu ọ̀nà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá dín in kù sí nǹkan bí 9, ẹnu ọ̀nà 70 nínú 100 ni ó ṣì ń dí. Bí ó bá ku díẹ̀ ju 2 lọ, ó ṣì ń di 40 mú. Ẹ rí i pé àtẹ̀gùn tí ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju ti òkè lọ ni. Ẹni tí ó bá gé hóró sí méjì, tí ó gé e sí mẹ́rin, tí ó sì wá fò sílẹ̀, ibi tí ó ga jù ni ó ti fò. Ìdí nìyí tí ìdínkù ìgbẹ̀yìn fi gbọ́dọ̀ kéré jù, kí ó sì lọ́ra jù. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń dá ṣe nínú yàrá o. Dókítà àti apoògùn ni yóò sọ iye tí a ó dín, ara ẹni ni yóò sì sọ bí a ó ṣe yára tó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí létí bi mí pé ṣé n kò ní fi orúkọ tuntun yìí dẹ́rù ba àwọn ènìyàn, kí ẹni tí oògùn ìbá gbà là má baà kọ̀ ọ́. Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣebí àwọn 17 nínú 100 tí kò lo oògùn kankan tí wọ́n sì rí ìnira jẹ́rìí sí i pé ìfòyà náà ń ṣiṣẹ́ lára. Ìdáhùn mi ni pé orúkọ tí a gbọ́ lẹ́yìn tí ìnira ti dé ni ó ń dẹ́rù bani jù. Èmi gan-an, bí dókítà bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Bí ẹ bá fẹ́ ṣíwọ́, ẹ wá bá mi, nítorí pé báyìí báyìí ni ó lè rí," n kì bá tí pa á tì lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí a bá ń bẹ̀rẹ̀ ni kí á ti sọ bí a ó ṣe parí. Kí á sì sọ òtítọ́ tí ó kù pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ni yóò ṣíwọ́ láìrí ìnira tí ó le, àwọn mìíràn kò sì gbọdọ̀ ṣíwọ́ rárá. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2021, fi hàn pé nínú 100 àwọn tí ara wọn ti yá tí wọ́n sì dá oògùn dúró, àìsàn tún gbérí lára 56 láàárín ọdún kan. Nínú àwọn tí ó ń lò ó lọ, 39 ni. Ìdí wà láti máa lò ó lọ, ìdí sì wà láti ṣíwọ́. Ẹni tí ó bá ń lò ó lọ kò ṣẹ̀, ẹni tí ó bá ṣíwọ́ kò ṣàṣejù.

Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣíwọ́ pàápàá. Owó ni ó ń tán. Oògùn ń wọ́n sí i, ẹlòmíràn á lo ti ọ̀sẹ̀ méjì, á fo ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn mìíràn ń lo amitriptyline nítorí ìrora iṣan, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé oògùn ìsoríkọ́ ni. Nígbà tí òòyì bá dé, ilé adúra tàbí ilé babaláwo ni wọn yóò kọ́kọ́ yà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Mo gbàdúrà tèmi. Ṣùgbọ́n kí àdúrà má ṣe dí ọ̀nà ọ́sípítù.

Ohun kan wà tí a mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ tí ó yẹ kí á rántí. Ní ọdún 1954, Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé nínú àwọn abúlé tí ó yí ọ́sípítù ká, tí ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé níbẹ̀, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú láìkúrò láàárín ènìyàn. Lambo mọ̀ pé aláìsàn kì í dá nìkan yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣíwọ́ rí. Ní oṣù mẹ́jọ tí mo fi dín oògùn mi kù, ìyàwó mi ni ó ń kọ ọjọ́ sínú ìwé. Bí mo bá bínú jù, á ní, "Ìnira ìṣíwọ́ ni o, kì í ṣe ìwọ." Gbólóhùn yẹn ṣe iṣẹ́ tí oògùn kò lè ṣe. Ìyá mi náà kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún aládùúgbò wa pé, "Ọmọ mi ń ṣíwọ́ oògùn ni, yóò tó lọ." Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí ó ń yọ eyín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ yín nìyí. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, kí á lè fi èdè wa kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọkàn. Ẹ bi àwọn ìyá àti bàbá yín léèrè, ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Ìgbómìnà, ní Kétu, bí wọ́n ṣe ń pe ara tí ó ń wá ohun tí a já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìnira ìṣíwọ́ lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, n ó fi tayọ̀tayọ̀ pa tèmi tì. Èyí ni mo lè pa tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìséwu.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Kí Elédùmarè fún wa ní àlàáfíà ara àti ti ọkàn.